Wíwa Ọmọ Láìní Láísẹ́ńsì

Lọ́dún tí ẹ̀bà ṣòroó jẹ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, mo jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì Oǹdó ní gáréèjì kan l'Ákùúrẹ́. Opó kan gbé ọmọ rẹ̀ lé itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ rẹ̀ dúró nílẹ̀, ó fẹ́ gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó, ká ní láísẹ́ńsì ni ìjọba ń fún èèyàn kó tó tọ́mọ, ṣé wọ́n á fún ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n, láísẹ́ńsì mọ́tò tó wà lápò yín, ta ló dán yín wò? Orí àga yín lẹ wà tí wọ́n fi gbé e wá. Lọ́sẹ̀ yẹn náà lẹ wa mọ́tò wọ gọ́tà ní títì Arakale."

"Ọ̀rọ̀ mọ́tò kọ́ là ń sọ. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ lọmọ àbúrò mi ń jẹun lọ́dọ̀ ẹ."

"Òótọ́ ni. Èmi tí mo ń fún un, ìgbà mìíràn mi ò jẹ rárá. Àwọn tó bá mọ èèyàn ní ọ́fíìsì ni wọ́n máa fún ní láísẹ́ńsì ọ̀hún. Ẹ jẹ́ kí n máa wa tèmi láìní ìwé. Mi ò tíì wà á wọ gọ́tà."

Èmi náà bí mẹ́fà. Mo fìdí rẹmi ní puráímárì síìsì, tí wọ́n bá tún gbé ìdánwò jíjẹ́ bàbá dé, ẹ̀yìn kíláàsì náà ni wọ́n á ti bá mi. Mo ń wo bàtà mi.

Bọ́ọ̀sì kún. Ọkùnrin náà na ọwọ́ méjèèjì. "Gbé e fún mi."

"Dẹ́rẹ́bà, ẹ máa wà á lọ," ni obìnrin náà wí. Ó yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn."

Iṣẹ́ tí kò gba ìwé nìyẹn. Mo tì í.