Omi Àdúrà Màámi Nínú Àpótí Iyùn

Ẹ má bínú pé mi ò kí yín délédélé kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, ọ̀rọ̀ ló kún inú mi. Ọkọ mi kò jẹ́ kí n ti ọwọ́ bọ omi rẹ̀ mọ́. Tí mo bá sọ ọ́ báyìí fún ẹlòmíì, á ní kí ló wà nínú omi tí mo fi ń sunkún, ṣé omi ni mo fẹ́ jẹ ni? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí èmi àti Bàbá Kúnlé níwájú omi yẹn rí, tí èjìká wa ń kan ara wọn, tí à ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wa, á mọ̀ pé ohun tí mo pàdánù kì í ṣe kékeré. Ó ń jẹ oúnjẹ mi o, ó ń dá mi lóhùn, kò bú mi. Àmọ́ tí mo bá ti sún mọ́ ibẹ̀, á rọra sọ pé, “Ìyá Kúnlé, fi í sílẹ̀.” Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ló ń pa mí. Ó sàn kó pariwo mọ́ mi. Èyí tó wá burú jù ni pé mi ò ṣe ohun tó ní mo ṣe. Èmi fúnra mi ni mo pa irọ́ mọ́ ara mi, mo sì ti bọ́ sínú ìṣòro tí mi ò mọ ọ̀nà àbáyọ rẹ̀.

Dopemu là ń gbé, aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé wa. Ọkọ mi ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ìkẹjà. Òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá ní ọ̀kan nínú wọn máa ń sin àwọn ẹ̀dá inú òkun sínú àpótí gíláàsì nílé rẹ̀, ọkọ mi ló ń bá a tọ́jú ẹ̀rọ tó ń mú omi náà tutù. Nígbà tí òyìnbó fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, ó ní kí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tọ́jú máa gbé e lọ. Bí wọ́n ṣe gbé òkun wọ pálọ̀ mi nìyẹn. Inú mi kò dùn rárá! Wọ́n gbé àga ńlá mi kúrò níbi tó wà, wọ́n ní àpótí ni yóò dúró síbẹ̀. Ọkọ mi á gbé kẹ́ẹ̀gì sínú bùùtù, á lọ pọn omi létíkun. Tí wọ́n bá mú iná lọ, kò ní béèrè bóyá ooru ń mú mi, omi ló máa kọ́kọ́ sáré lọ wò. Mo sọ fún un pé ó ti fẹ́ ìyàwó kejì, ìyàwó ọ̀hún kò tiẹ̀ lè fọ abọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí.

Ìgbà tí mo mọ ohun tó wà níbẹ̀ ni ìbínú mi rọ̀. Ṣé ẹ mọ iyùn tí àwọn ọba ń wọ̀ sọ́rùn? Òkúta lásán ni mo pè é látọjọ́ yìí. Ọkọ mi ló là mí lọ́yẹ̀ pé ẹ̀dá ẹlẹ́mìí ló ń kọ́ ọ sábẹ́ òkun bí ikán ṣe ń kọ́ ògiri, àti pé ìbátan rẹ̀ ni àwọn tó wà ní pálọ̀ wa. Òmíràn pọ́n, òmíràn ní àwọ̀ ewé, òmíràn ń mì lẹ́lẹ́ nínú omi. Wọ́n máa ń pọ̀ sí i, bí àgbẹ̀ ṣe ń gé èbù iṣu náà ni à ń gé wọn. Ọkọ mi á fi ẹ̀mú já ẹ̀ka kékeré kan, a ó fi gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta wẹ́wẹ́, a ó dá a padà sómi. Á kọ́kọ́ bínú, á pa ara rẹ̀ dé. Tó bá yá, á la ẹnu, á wá máa ràn lórí òkúta náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di odindi. Ọwọ́ tí sípánà ti mọ́ lára kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ohun tó kéré mú, gbogbo rẹ̀ ló ń rún mọ́ ọkọ mi lọ́wọ́. Èmi tí mo ń to ìlẹ̀kẹ̀ sára léèsì fún àwọn ìyàwó ojú ọ̀nà, èmi ni mo wá di ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́. Aránṣọ òkun ló máa ń pè mí. Ẹ wo bí orúkọ yẹn ṣe máa ń dùn mọ́ mi tó!

Ẹ̀dá kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ànẹ́mónì. Tí ẹ bá rí i, ẹ ó pè é ní òdòdó, ṣùgbọ́n ẹran ni. Ẹnu kan ló wà láàárín rẹ̀, àwọn ọwọ́ rọ̀gbọ̀rọ̀gbọ̀ sì yí ẹnu náà ká, ibẹ̀ ni ẹja méjì kan fi ṣe ibùsùn. Èyí kì í dúró de ẹ̀mú ẹnikẹ́ni. Tó bá tó àkókò, fúnra rẹ̀ ló máa fa ara rẹ̀ ya sí méjì, tí ìdá kọ̀ọ̀kan á di odindi. Ọkọ mi ti ń retí pé kó ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa, kò sì tíì ṣe é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Màámi, ìyá ọkọ mi, rèé. Ìyá àgbẹ̀bí ni wọ́n nínú ìjọ aláṣọ funfun ní Ìjẹ̀bú, àwọn ọmọ tí wọ́n gbà sọ́wọ́ kò níye. Ṣùgbọ́n Bọ́sẹ̀, ọmọ wọn obìnrin, àbúrò ọkọ mi, ọwọ́ wọn náà ló kú sí níbi tó ti ń rọbí. Ọkọ mi ti ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, Màámi ní kí wọ́n ṣe sùúrù, omi àdúrà àti òróró kò já àwọn kulẹ̀ rí. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbé e, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi ti bọ́ aṣọ funfun sílẹ̀, tí kò sì dé ilé Màámi mọ́. Èmi ni mò ń lọ kí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe ẹni tó ń ṣe ojú ayé. Ìyá tó bí mi ti kú kí n tó gbọ́n, Màámi ló kọ́kọ́ jókòó tì mí nígbà tí mo bímọ, tí wọ́n ń fi omi gbígbóná tẹ̀ mí níkùn, tí wọ́n ń kọrin sí mi létí. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí dé egungun.

Nígbà tí orúnkún ń dá wọn dúró, mo bẹ ọkọ mi títí ó fi gbà kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Wọ́n dé, wọn kò rí ju “Ẹ káàárọ̀, Màámi,” “Ẹ kúulé, Màámi” lọ lẹ́nu ọmọ wọn. Iyùn ló mú kí ìyá àti ọmọ tún rẹ́. Màámi ní iyùn tí wọ́n jogún lọ́wọ́ ìyá wọn, ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé ó lẹ́mìí, wọ́n fa àga sún mọ́ àpótí, wọ́n ń béèrè, ọmọ ń dáhùn. Kò pẹ́, kó tó bọ́ bàtà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé ni á ti máa sọ pé, “Màámi, ẹ wá wo èyí.” Mo máa ń sá lọ sí ilé ìdáná lọ sunkún ayọ̀. Ta ni kò ní sunkún?

Lọ́jọ́ kan, mo lọ ra òwú àti aṣọ ìtẹ́nú lọ́jà. Bí mo ṣe padà dé ẹnu ọ̀nà ni òórùn lọ́fínńdà kọlù mí. Màámi dúró níwájú àpótí láìwọ bàtà, wọ́n wé gèlè funfun, ọwọ́ wọn tutù, wọ́n ń kọrin ọpẹ́. Wọ́n ní àwọn nìkan ni àwọn wà nílé nígbà tí àwọn rí i pé òdòdó inú omi ń nà, ẹnu rẹ̀ ń ya, ó ń fà síhìn-ín fà sọ́hùn-ún, àwọn sì mọ̀ pé ó ń rọbí. Ṣé àgbà á wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́ ni? Wọ́n ka sáàmù, wọ́n gbàdúrà sínú omi ìgò wọn, wọ́n po òróró àti lọ́fínńdà mọ́ ọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún àwọn aboyún ìjọ, wọ́n sì dà á sí i lórí. Òdòdó sì ya sí méjì lóòótọ́! Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

“Ó bí i, ìyàwó mi. Láti ìgbà Bọ́sẹ̀, mi ò gbẹ̀bí mọ́. Olúwa fi èyí nu omijé mi nù.”

Mo wo omi. Òróró ti tẹ́ lójú rẹ̀, gbogbo iyùn ti pa ara wọn dé, òmíràn ti ń yọ itọ́. Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ? Mo ní, “Ẹ kú ewu, Màámi.” Wọ́n ní kí n má tíì sọ fún ọmọ àwọn, torí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ omi àdúrà mọ́ láti ìgbà Bọ́sẹ̀. Kò pẹ́ tí ará ìjọ kan wá mú wọn lọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́. Mo fi bébà fa òróró kúrò títí ọwọ́ fi ń ro mí, mo ṣí gbogbo fèrèsé, ṣùgbọ́n òórùn lọ́fínńdà kò lọ. Ni mo bá mú òògùn ẹ̀fọn, mo fín in sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó bo òórùn kejì mọ́lẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi kò ju ẹyọ kan lọ: ọkọ mi kò gbọdọ̀ mọ̀ pé omi àdúrà Màámi ni. Tó bá mọ̀, ọ̀rọ̀ Bọ́sẹ̀ ló máa dìde, ilé tí mo fi ẹkún bẹ̀bẹ̀ kó tó dúró á wó. Nígbà tó dé, tó sì ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ní èmi ni mo fín òògùn ẹ̀fọn tí mo gbàgbé láti bo àpótí. Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

“Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ni, mà á ní kò mọ̀ ni. Ìwọ mọ̀, Ìyá Kúnlé.”

Ó lọ pọn omi òkun, ó pààrọ̀ omi, ó tún un pààrọ̀, síbẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú iyùn náà di funfun, wọ́n kú. Ìdá kan lára ànẹ́mónì yọ́ dànù. Ìdá kejì rá lọ sábẹ́ òkúta, òun ló yè.

Àwọn tó ń sin iyùn ní àṣà kan tó dára. Wọn kì í kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ sílé ara wọn, wọ́n á fún ọ̀rẹ́ ní èbù, kó lè jẹ́ pé tí tìrẹ bá kú, wàá rí i gbà padà. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan ní Onígbòǹgbò tó ti gba èbù lọ́wọ́ wa rí gé e padà fún wa. Inú mi dùn, mo ti ń fọ ọwọ́ mi de gúlù. Ọkọ mi kò wo ọ̀dọ̀ mi. Màámi ló pè. Ọwọ́ ìyá àgbẹ̀bí kò gbọ̀n, wọ́n lẹ̀ ẹ́ dáadáa ju bí mo ṣe ń lẹ̀ ẹ́ lọ. Mo jókòó nídìí maṣíìnì mi, mò ń wo ìyá àti ọmọ bí wọ́n ṣe ń forí korí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo torí rẹ̀ purọ́ ti dé, mo sì ń jowú! Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ènìyàn ni mí.

Àbí kí ẹ rẹ́rìn-ín náà, nítorí Màámi ló tún ń bá mi bẹ ọkọ mi. Wọ́n tún pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yéé fín òògùn ẹ̀fọn bí ẹni tí wọ́n ń lé, wọ́n ní àdúrà àwọn ló yọ ọmọ náà nínú májèlé mi. Ìtùnú ni wọ́n sọ ìdá ànẹ́mónì tó yè. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, Màámi.

Ǹ bá gbé e mì bẹ́ẹ̀, kó tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ìtùnú ti dàgbà, ó ti fẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í nà. Màámi ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n ti ní kí ìjọ gbàdúrà sí omi tuntun fún àwọn, wọ́n ti ra òróró. Mo rò ó pé kí n rọra fi omi òkun rọ́pò èyí tó wà nínú ìgò wọn, àmọ́ òróró àti lọ́fínńdà ńkọ́, tó jẹ́ pé abẹ́ ìrọ̀rí wọn ló wà? Mo ní kí n sọ fún ọkọ mi, mo rántí bó ṣe gbé ìbínú rìn láti ìgbà tí a ti sin Bọ́sẹ̀. Mo ní kí n sọ fún Màámi, ẹnu mi wúwo. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ìyá tó ti sunkún tó bẹ́ẹ̀ pé ọwọ́ tó fi ń gbàlà ló tún pa nǹkan?

Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí ọkọ mi jáde lọ síbi iṣẹ́, Màámi pè mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níwájú àpótí. Wọ́n ní lọ́tẹ̀ yìí, àwọn kò ní dá a ṣe. Àwọn máa dúró de ọjọ́ tí ọmọ àwọn bá wà nílé, kó dúró ti àwọn, kó bá àwọn di ìgò mú.

“Tó bá bí i lójú ẹ̀, ìyàwó mi, ọkàn ẹ̀ á gbà pé mi ò mọ̀ọ́mọ̀ pa Bọ́sẹ̀.”

Mo ṣe àmín. Ọjọ́ Sátidé ni ọkọ mi kì í lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó di ọjọ́ náà: nínú àwọn méjèèjì, ọkàn ta ni kí n kọ́kọ́ fọ́?