Ojú Mùfú Ló Wà Lẹ́yìn Ìwé Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo jù fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Bí kì í bá ṣe ohun tí ìyàwó Mùfú sọ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, bóyá ǹ bá gbé e wọ sàréè.

Ọ̀rẹ́ mi ni Mùfú. Àwa méjèèjì la jọ ń ka ẹrù tí wọ́n ń já nínú tírélà ní yáàdì kan ní Creek Road. Bí iṣẹ́ bá ti dẹwọ́, á yọ nóòtù rẹ̀, á máa kọ ìtàn. Èmi náà ń kọ, ṣùgbọ́n tèmi kì í dùn. Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, ó gbé nóòtù náà fún mi pé kí n bá òun tún un kọ. Ó kú. Mo tún un kọ lóòótọ́, àmọ́ orúkọ ara mi ni mo fi síwájú rẹ̀.

Ẹni tó tẹ ìwé náà ní àṣà kan. Òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ya ojú ara rẹ̀ sẹ́yìn ìwé. Ó ní ẹni tó bá ń ya ara rẹ̀ kò lè purọ́. Háà! Mo jókòó síwájú dígí, mo yà á, mo pa á rẹ́. Mi ò lè wo ojú ara mi.

Mùfú ti ya ara rẹ̀ sí ìparí nóòtù náà: eyín tó pèjí, pẹ́ńsùlù létí, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo tẹ́ bébà fẹ́lẹ́ lé e, mo tẹ̀ lé ìlà rẹ̀, mo sì fún ẹni tó tẹ ìwé náà bí ẹni pé ojú tèmi ni. Mo ní ta ló máa mọ̀?

Ìyàwó rẹ̀ rí ìwé náà ní Olodi-Apapa. Òun àti Ṣákírà ọmọ wọn wá sílé mi ní Ajégúnlẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ fa aṣọ ya mọ́ mi lọ́rùn ni. Ó kúnlẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ẹ ṣé o. Gbogbo ọ̀rẹ́ Dádì Ṣákírà ló ti gbàgbé wọn. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbé ojú wọn sẹ́yìn ìwé yín. Ọlọ́run ò ní gbàgbé yín."

Mo ní, "Àmín." Ẹ gbọ́ mi ṣá? Àmín ni mo ṣe!

Ṣákírà na ìwé náà sí mi. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ orúkọ Dádì mi sábẹ́ àwòrán yìí."

Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n wá gbà á lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán nìkan, mo tún jí i lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Bí mo bá kọ ọ́ síwájú ìwé, níbi tó tọ́ sí i, ojú wo ni màá fi wo ọmọ yẹn? Ọ̀la ni Sátidé. Ẹ gbà mí, níbo ni kí n kọ ọ́ sí?