Àgbàdo Àwọn Adìẹ

Níbi tí mo ti ń dúró de àgbàdo sísun lẹ́bàá Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, mo gbọ́ tí obìnrin tó ń sun ún bi ìyá àgbà kan tó wá rajà:

"Ìyá, ṣebí ẹ ní àgbàdo ẹ̀yìnkùlé yín ti yọmọ?"

"Ó yọmọ dáadáa. Mo fẹ́ kó gbẹ lórí ìdúró ni."

"Ẹ wá ń ra sísun lọ́wọ́ mi?"

"Tàwọn adìẹ mi nìyẹn. Nígbà tí oúnjẹ adìẹ gbówó lórí, tí gbogbo àdúgbò ń ta tiwọn, mi ò tà wọ́n. Ìgbẹ́ wọn ni mo fi gbin àgbàdo yẹn. Adìẹ ṣiṣẹ́ oko tán, kí èmi wá jẹ àgbàdo rẹ̀?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi ẹyọ kan ṣe ènì fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ jẹ èyí o."