Ẹ̀ka Tó Nawọ́ Sẹ́nu Ọ̀nà Bàbá

Ìyàwó awakọ̀ aládùúgbò wa ló kọ́kọ́ sọ fún mi, Àǹtí, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kì í ṣe àbúrò mi, kì í ṣe ọkọ rẹ̀ tó sọ ara rẹ̀ di olórí ilé onílé! Mo wà nídìí áyọ́ọ̀nù mi nílé ìfọṣọ, mò ń lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan lọ́wọ́, obìnrin yẹn sáré wọlé tòun ti sílípáàsì lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mú Bàbá, wọ́n wà ní kíṣìnì wa, wọ́n ń bèèrè ẹni tó gbé tábìlì wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé." Kíṣìnì ta ni? Kíṣìnì tiwọn! Bàbá mi, ẹ̀gbọ́n tiyín, tí wọ́n pín lẹ́tà ní gbogbo àdúgbò yìí títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, tí wọn ò ju lẹ́tà ẹnì kan sílé ẹlòmíì rí, àwọn ni wọ́n ṣìlé! Òpópó tiwọn ni wọ́n ti ṣìlé!

Ẹ jókòó, Àǹtí. Ẹ jókòó síbi fèrèsé yẹn, ẹ má tíì bẹ̀ mí. Mo mọ̀ pé ọkọ àbúrò mi ló rán yín. Ẹ ṣáà rí i níta bẹ́ ẹ ṣe ń wọlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi yẹn, òun àti àga rẹ̀, tó ń fajú ro bí ọmọ tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbà ọkùnrin tí kò lè lanu sọ pé "ẹ má bínú", ó wá lọ gbé yín dìde nílé yín láàárọ̀ Sátidé pé kí ẹ wá bá òun sọ ọ́. Ṣíọ̀!

Onígbàjámọ̀! Rárá, mi ò bú iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ gidi ni, iṣẹ́ tó mọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ti onígbàjámọ̀ tiwa yìí ti di àìsàn sí i lára. Kò lè rí ohun tó yọ gọngọ kó fi í lọ́rùn sílẹ̀. Òwú tó yọ létí kọ́tìnì, ó ti gé e. Ọdún tó kó wá síbí, tó ní àwọn fẹ́ wọ̀ sọ́dọ̀ wa fún ìgbà díẹ̀, ìgbà díẹ̀ tí kò parí títí dòní, ó gé gbogbo òwú tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ sétí rọ́ọ̀gì pálọ̀ ìyá mi, ó ní wọn ò dọ́gba! Ó gé ẹnu ìgbálẹ̀, ó ní apá kan gùn ju èkejì, ìgbálẹ̀ náà ò gbálẹ̀ mọ́, àfi bíi pé à ń fi igi ha ilẹ̀. Àbúrò mi ní kí n má sọ̀rọ̀, pé ọkọ òun fẹ́ràn ìmọ́tótó. Ìmọ́tótó, àbí ìyọnu?

Ẹ̀yin náà mọ igi páìnì iwájú ilé yìí, èyí tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́. Ẹni tó kọ́ àwọn ilé yìí, bákan náà ló ṣe gbogbo wọn, ilẹ̀kùn bákan náà, fèrèsé bákan náà, géètì bákan náà, ó wá gbin igi páìnì kúkurú kọ̀ọ̀kan síwájú wọn bí ẹni ń rán bọ́tìnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Irú igi yẹn kì í ga. Á rí ṣóńṣó lókè, á fẹ̀ nísàlẹ̀, á dúró sójú kan bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Àfi tiwa. Ọdún tí òrùlé kíṣìnì ń jò, tí àbúrò mi ń múra ìdánwò àṣekágbá, ọdún yẹn ni tiwa yọ ẹ̀ka kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rántí dáadáa nítorí abẹ́ ẹ̀ka náà la máa ń kó àwọn bókítì tá a fi ń gbe omi jíjò sí. Ẹ̀ka yìí ò bá igi rẹ̀ mu rárá. Ewé rẹ̀ gùn, ó le, ó tún ń dán ju ti ìyókù lọ, àfi bíi pé kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìdílé wọn kì í ga. Ó ń nà ṣáá ni. Ó nà kúrò lára igi, ó nà wá síhà ẹnu ọ̀nà bí apá ẹni tó ń sọ pé ẹ wọlé, ẹ máa wọlé. Ìyá mi máa ń fi aṣọ ìnuwọ́ kọ́ ọ nígbà tí wọ́n wà láyé.

Kí lẹ wí? Kò rẹwà? Ta ló ní ó rẹwà? Ṣé imú tèmi rẹwà ni? Ṣé ẹnì kan wá gé e?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ló gé ẹ̀ka náà. Àbúrò mi ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, kó tó mọ ohun tó délẹ̀. Ó ní ọkọ òun ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó dúró níwájú igi, ó wò ó, ó tún wò ó, ó lọ mú ayùn. Ó rẹ́ ẹ nídìí pátápátá! Kò wá mọ níwọ̀n, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó fi kóòmù gbé àwọn ewé tó kù dìde, ó ń gé wọn lórí kóòmù, ó fà sẹ́yìn, ó di ojú kan, ó fi èkejì wò ó, ó tún padà lọ gé díẹ̀ sí i, ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ọrùn igi! Igi o, Àǹtí! Ó kù díẹ̀ kó fi páúdà sí i, kó gbé dígí sí i lẹ́yìn, kó bi í pé ṣé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Àlàyé rẹ̀? Ó ní wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò. Ó ní ọ̀gbẹ́ni kan ló sọ pé ẹ̀ka tó bá ṣe báyìí yọ, ńṣe ló ń jẹ agbára igi, pé bí wọn ò bá gé e, á gba gbogbo igi náà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó dáa, mo gbà, kó gbà á! Kó jẹ ẹ́ tán! Igi ta ni? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, aláìmọ̀kan tó bá jókòó sórí àga rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, tó fẹ́ gé irun tí kò tó irun, ó ń tẹ̀ ba fún un, ó ń bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe fẹ́ ẹ? Ṣé kí n fi iwájú sílẹ̀?" Ó ń bi gbogbo ayé! Bàbá wà nínú pálọ̀, ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ sí i, fèrèsé ṣí sílẹ̀, kò bi wọ́n! Mo fi ilẹ̀ tí mo tẹ̀ yìí búra, ká ní ó bi wọ́n, gbogbo èyí ò ní ṣẹlẹ̀.

Nítorí ojú ni, Àǹtí. Ojú Bàbá ni. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo bá wọn nídìí tábìlì awakọ̀, wọ́n ti mu ààbọ̀ tíì ọkùnrin yẹn, wọ́n ti ń rojọ́ pé ṣúgà ò sí nínú ẹ̀, ìyàwó awakọ̀ sì dúró lẹ́bàá ògiri, kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ fún wọn. Ọlọ́run á bá mi bù kún obìnrin yẹn. Bàbá wá fọwọ́ kan etí ife. Wọ́n fọwọ́ yí i po. Wọ́n rí i pé kì í ṣe ife wọn. Wọ́n rọra gbé e kalẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n ní, "Ẹ ṣé, màdáàmù, tíì yín dáa," wọ́n sì rìn jáde bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun. Èmi ni mo di ọwọ́ wọn mú.

A dé iwájú ilé wa, wọ́n dúró níbi igi, wọ́n nawọ́ sínú afẹ́fẹ́, wọ́n ń wá nǹkan. Wọ́n ní, "Apá yẹn dà?" Mo ní, "Apá wo, Bàbá?" Wọ́n ní, "Apá igi mi." Ìgbà náà ni mo rí ibi tí wọ́n ti rẹ́ ẹ, ó funfun, oje ń sun níbẹ̀. Bàbá fìka kàn án. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ fún mi pé ọjọ́ ti pẹ́ tí nọ́ńbà ara géètì ti di ìdọ̀tí lásán lójú àwọn, pé òjìji nìkan làwọn ń rí. Wọ́n ní táwọn bá ń ti ọ̀dọ̀ oníwèé ìròyìn bọ̀ láàárọ̀, ńṣe làwọn igi wọ̀nyẹn dà bí èèyàn tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó káwọ́ gbera, wọ́n á máa kọjá lára wọn títí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó nawọ́. Ẹni tó nawọ́ yẹn ni ilé. Wọ́n ṣe é lọ́jọ́ dé ọjọ́, a ò fura! Ọkùnrin yìí wá fi ayùn gé e lọ nítorí pé kò dọ́gba!

Ìyẹn ṣì kéré. Ìyẹn ò dùn mí tó èyí tó tẹ̀ lé e. A ò tíì jókòó, ọkọ àbúrò mi, ọlọ́gbọ́n orí, ti ń mi orí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Bàbá ti ń ṣarán. Ó ti tó àkókò ká máa ti géètì." Lójú wọn! Bíi pé wọn ò sí níbẹ̀! Ó sì tì í. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́ Ẹtì, Bàbá wẹ̀, wọ́n wọ bàtà, wọ́n dé fìlà, wọ́n jókòó sórí àga tí ẹ wà yẹn bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tí kò ní dé. Ẹni tó sọ wọ́n di ẹni tó ń ṣìlé, òun náà ló tún sọ wọ́n di ẹni tórí rẹ̀ ò pé. Ẹ sọ fún mi, Àǹtí, kí lorúkọ irú ìwà yẹn?

Ẹ má sọ pé kò yé e. Ó yé e! Lálẹ́ àná ni mo sọ ọ́ kalẹ̀ lójú gbogbo wọn pé ojú ni, kì í ṣe orí. Bàbá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣé ó tọrọ gáfárà? Ó ní kò burú, àwọn á so aṣọ pupa mọ́ igi náà. Ni Bàbá bá fa ìbínú yọ: "Ṣé ọkọ̀ akẹ́rù ni mí, tí ẹrù mi gùn jáde lẹ́yìn?" Ó ní ẹ jẹ́ káwọn kun ilẹ̀kùn ní àwọ̀ tó ń tàn. Bàbá ní kó kúkú kọ ọ́ sára ògiri pé afọ́jú ń bẹ nínú ilé, kí gbogbo òpópó lè máa fà wọ́n lọ́wọ́ bí ọmọdé. Wọ́n ní àwọn á kúkú jókòó sílé. Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́? Bàbá mi, tí ẹsẹ̀ wọn kì í gbélé, ní àwọn á kúkú jókòó. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá jókòó yẹn, wọn ò ní dìde mọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n.

Ni mo bá yíjú sí i. Mo ní ó tán. Ìwọ ló gé apá ilé, ìwọ náà ló máa di apá ilé. Gbé àga rẹ wá. Láràárọ̀, kó o tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbẹ́ igi yẹn lo ti máa gé irun oníbàárà rẹ àkọ́kọ́, títí Bàbá á fi wọlé. Ìró sísọ́ọ̀sì rẹ nìkan ni mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ ìdí. Onígbàjámọ̀ tó ń gé irun nínú atẹ́gùn ni wọ́n á rí. O ò gbọ́dọ̀ pè wọ́n, o ò gbọ́dọ̀ fà wọ́n, o ò gbọ́dọ̀ la ẹnu rẹ rárá. Kó kọ́kọ́rọ́ géètì wá! Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ó wá sáré lọ bá yín láàárọ̀ yìí. Kí ló sọ fún yín, pé oòrùn á pa òun? Pé àwọn oníbàárà á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́? Kí wọ́n fi í ṣe é! Awakọ̀ gan-an ló kọ́kọ́ ní òun á wá jókòó kó gé irun òun lónìí, òun tí wọ́n mu tíì rẹ̀! Títí di ìgbà wo? Títí igi á fi yọ ẹ̀ka mìíràn. Bí kò bá sì yọ láé? Ìyẹn kàn án!

Àǹtí, ẹ dákẹ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀ òpópó yẹn. Bàbá nìyẹn, wọ́n ń ti ọ̀dọ̀ oníwèé ìròyìn bọ̀. Àwọn ni, mo mọ fìlà yẹn. Wọ́n ti kọjá ilé télọ̀. Wọ́n ń rọra rìn... wọ́n dé ilé awakọ̀... wọ́n dúró. Yéè! Wọ́n dúró. Kí ló dé tí mi ò gbọ́ sísọ́ọ̀sì? Ẹ wo ọ̀lẹ, ó dúró ń wò wọ́n! Gé e! Gé irun náà, kí lo gbé ọwọ́ sókè sí? Ó ti bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ṣẹ́ kẹ́ṣẹ́ kẹ́ṣẹ́. Ẹ wo Bàbá, wọ́n gbórí sókè. Wọ́n ń bọ̀! Ẹ wo ìrìn wọn, Àǹtí, bí ìgbà tí báàgì lẹ́tà wà léjìká wọn!

Háà, ó ti la ẹnu! Mo ní kó má la ẹnu! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń pariwo bí agbèrò: "Bàbá, ibí ni o! Ẹ yà wá sápá ọ̀tún o!"

Kí ni Bàbá wí? Ẹ jẹ́ n gbọ́... Wọ́n ní... ẹ gbà mí o, ẹ̀rín á pa mí! Wọ́n ní, "Èyí tó wà níbí tẹ́lẹ̀ kì í sọ̀rọ̀!" Ẹ wo awakọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga! Ẹ wo ojú onígbàjámọ̀! Ó yẹ ẹ́! Ó yẹ ẹ́ gan-an!

Wọ́n ń ṣí géètì. Àwọn fúnra wọn ló ń ṣí i. Ẹ bá mi fi sọ́kàn, Àǹtí, kí ẹnikẹ́ni má yí i padà lọ́la: Sátidé, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹwàá, la parí ìjà yìí.