Firewall Tó Ti Onílé Mọ́ta

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nínú trotro, bọ́ọ̀sì èrò tó ń lọ sí Madina ní Accra, obìnrin kan àti ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì jókòó síwájú mi, Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ.

"Àbí ìwọ tí o gbé firewall tó ń ṣọ́nà fún kọ̀ǹpútà dúró, ìwọ náà ló kọ́kọ́ lé síta?"

"Àǹtí, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Inú láptọ́ọ̀pù mi nílé ni mo ti dá kọ̀ǹpútà àfarawé kan sílẹ̀, mo fi firewall náà síbẹ̀ ká fi dán an wò. Mo ní kó má ṣí ojú ìwé tí a fi ń darí ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àfi láptọ́ọ̀pù yẹn."

"O wá jókòó sí ọ́fíìsì, ò ń kanlẹ̀kùn."

"Kò dá mi lóhùn. Ọ̀gá sì fẹ́ rí i lónìí, ni mo ṣe ń lọ gbé láptọ́ọ̀pù náà nílé."

"Ìyẹn dáa o. Àwọn kan á ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé, torí pé wọn ò fẹ́ wọ trotro. Password ńkọ́? O ti yí i padà?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà yíjú sí fèrèsé.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Èyí tó bá a wá náà ló ṣì wà níbẹ̀, Àǹtí."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí. "Chale! Ó lé onílé, ó wá ń dúró de olè!"

Méètì tó ń gbowó ọkọ̀ pe ibi tí obìnrin náà ti máa sọ̀. Kò dìde.

"Ẹ máa lọ," ló sọ fún méètì. "Ìwọ, mò ń bá ẹ délé; kí ìyá ẹ wá kenkey, ẹ̀kọ àgbàdo yẹn, fún mi. Níṣojú mi ni o ti máa yí password yẹn padà."