Ìtàn Tí Mo Tà Kí Ó Tó Di Ìwé

Obìnrin kan wà láàyè lónìí tí gbogbo àdúgbò wa gbà pé ó pa ọkọ rẹ̀. Kò pa á. Mo mọ̀ pé kò pa á, láti ọjọ́ tí ọkọ náà kú gan-an ni mo sì ti mọ̀. Mi ò sọ. Ohun tó jẹ́ kí n la ẹnu báyìí ni pé ẹnì kan ti ń wá a, èmi ni ó sì fẹ́ kí n júwe ọ̀nà fún òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Aránṣọ ni mí ní Òkìtìpupa. Orúkọ tí mo máa pe àwọn èèyàn níbí kì í ṣe orúkọ wọn. Ilé ẹ̀kọ́ mọ́dà, lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni mo kà dé, ṣùgbọ́n láti kékeré ni ìtàn kíkọ ti wà lọ́kàn mi. Kò sí ilé-iṣẹ́ ìwé kankan tó mọ̀ mí. Èmi fúnra mi ni mo kó owó ìránṣọ lọ fún àwọn atẹ̀wé ní Oǹdó, tí wọ́n bá mi tẹ ìwé mi àkọ́kọ́, ìwé pẹlẹbẹ kan báyìí.

Mo rò pé wọn á rà á tán. Ṣùgbọ́n ẹnì kan á ra ẹyọ kan, odindi àdúgbò á sì kà á. Ọ̀kan dé Ìkọ̀yà, ó dé Àjàgbà, ó tún padà bọ̀ wá bá mi pẹ̀lú epo lára, ẹni tó mú un wá sì ń bi mí bóyá èmi náà ti kà á. Ikán jẹ èyí tó kù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwé kejì, mo yí ọ̀nà ìsanwó padà. Mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ sanwó sílẹ̀ kí n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Ẹni tó bá ti sanwó lè wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọ̀sán Sátidé, kí n ka ibi tí mo kọ dé sí i létí kí àwọn yòókù tó rí i. Yorùbá ilé-ìwé ni mo fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń fi Ìkálẹ̀ ṣàlàyé fún àwọn ìyá tí kò kàwé. Ó dùn mọ́ wa. Inú mi mọ́ sí i nígbà yẹn, Ọlọ́run mọ̀.

Ìtàn ọkùnrin olówó kan tó ń ṣòwò epo ni, tó ní ìyàwó méjì. Ní apá kan, mo kọ ọ́ pé ilé epo rẹ̀ jóná. Kò pẹ́ tí mo kà á fún wọn tí ilé epo kan jóná lóòótọ́ lẹ́bàá ọjà. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Ilé epo máa ń jó lọ́gbẹlẹ̀. Mi ò lá àlá kankan, mi ò sì rí ìran. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, èrò kún ṣọ́ọ̀bù mi dé ojú títì. Àwọn tí kò bìkítà fún ìtàn rí wà nínú wọn. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́ níbi tó yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo ẹnu mi.

Ìyá Rísí, tó ń ta púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, dúró títí gbogbo wọn fi lọ. Mùsùlùmí ni ìyá náà, bí ọmọ ni ó sì ṣe mú mi.

Ó ní, "Ọmọ mi, sọ fún wọn pé ìtàn lásán ni. Ẹni tí wọ́n bá pè ní ohun tí kò jẹ́, tí kò kọ̀, ó ti jẹ́ ẹ tán."

Mo ní, "Màá sọ fún wọn, Ìyá."

Mi ò sọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo tún jókòó, mo tún ọ̀nà ìsanwó náà rò. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ṣáájú àwọn ará Sátidé lè dá wá láàárín ọ̀sẹ̀, kí n fa kọ́tìnnì, kí n kà á fún un lóun nìkan. Owó tirẹ̀ á ju ti àwọn yòókù lọ. Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe ìtàn.

Ìyá Bánjí ni ó kọ́kọ́ wá. Ọkọ rẹ̀ náà ń ṣòwò epo, ó sì ní ìyàwó méjì bí ọkùnrin inú ìwé mi. Ìyá Bánjí ni ìyálé. Ara ọkọ rẹ̀ kò yá nígbà yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, kò sì sí ẹni tó sọ ohun tó ń ṣe é fún ìyálé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka obìnrin yìí sí èèyàn búburú. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Ó bi mí pé, "Sisí, ọkùnrin inú ìwé yìí, tí ó bá ṣàìsàn, ta ló máa jẹ́ ẹni tó ń ṣe é?"

Mo ní, "Ìyá, mi ò tíì kọ débẹ̀."

"Ṣé inú ilé ni àbí ìta?"

Ó rọra fi ọwọ́ kan eékún mi. Ó ní, "Tí o bá ti kọ débẹ̀, èmi ni kí o kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè."

Èrò tó wà lọ́kàn mi tẹ́lẹ̀ ni pé ọkùnrin inú ìtàn náà kò ní kú. Kò sí ẹni tó máa ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo rí i pé tí kò bá sí ẹni tó ń ṣe é, Ìyá Bánjí kò ní padà wá mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyàwó kékeré báyìí. Ẹbiẹrẹ ni mo máa pè é. Ọmọ Arógbò ní ìhà omi ni, Ìkálẹ̀ kò tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu dáadáa. Ọ̀dọ̀ mi ni ó ti ń rán aṣọ. Ó wá ní ọjọ́ kan pé kí n dẹ búbà rẹ̀ sílẹ̀ níwájú nítorí oyún. Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n ni ó ń bá mi sọ̀rọ̀ ilé.

Ó ní dókítà ti sọ pé iyọ̀ ni ọ̀tá ọkọ òun, kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ mọ́ rárá. Nítorí náà òun ń se tirẹ̀ lọ́tọ̀, nínú ìkòkò kékeré kan. Oògùn oníhóró tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn, òun ni ó ń tọ́jú rẹ̀, tí ó ń fún un lò. Ọkọ rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ọkọ náà ní tí àwọn oníṣòwò bá gbọ́ pé òun ti di ẹni tí kò lè jẹ iyọ̀, wọ́n á ní òun ń kú lọ, wọn ò sì ní fi ọjà sí òun lọ́wọ́ mọ́.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ nìkan ni mo sọ fún o, Sisí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé eléyìí yẹ̀ wò. Mi ò bá obìnrin náà jà rí. Kò ṣẹ̀ mí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, mo jókòó, mo kọ ọ́ pé ìyàwó kékeré ọkùnrin olówó náà, tó wá láti ìhà omi, ń se oúnjẹ ọkọ rẹ̀ lọ́tọ̀ nínú ìkòkò kékeré, ó sì ń bu nǹkan kan sí i. Mo mọ ohun tí mo ń kọ. Mo mọ ẹni tí mo ń kọ ọ́ fún.

Mo ránṣẹ́ pe Ìyá Bánjí. Ó mú àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin dání. Mo fa kọ́tìnnì, mo kà á.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà wá ní, "Ìkòkò ọ̀tọ̀?"

Ìyá Bánjí ní, "Ìkòkò ọ̀tọ̀ ni. Mo ti rí i."

Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ dì gírígírí. Ó fi owó sílẹ̀, ó ju iye tí a jọ sọ lọ. Nígbà tí wọ́n jáde, kọ́tìnnì náà ṣì ń mì. Mo lè pè wọ́n padà. Ohùn mi á bá wọn. Mi ò pè wọ́n.

Ọjọ́ náà ni wọ́n fọ́ ìkòkò. Wọ́n da oògùn ilé ìwòsàn sínú igbó lẹ́yìnkùlé. Ìyá Bánjí bẹ̀rẹ̀ sí í dáná fún ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ pé, bí ó ṣe máa ń sè é nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ. Mo gbọ́ pé ọkùnrin náà jẹun dáadáa. Ó ní ó ti pẹ́ tí oúnjẹ ti dùn lẹ́nu òun báyẹn.

Ó wú. Èémí rẹ̀ kò já gaara mọ́. Òjò àkọ́rọ̀ kò tíì rọ̀ tí ó fi kú.

Gbogbo èèyàn ní, "Ẹ ò rí i? Bí Sisí ṣe kọ ọ́ náà nìyẹn."

Wọ́n kó ẹrù Ẹbiẹrẹ sójú títì. Ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá ní ọ̀sán gangan, ó gbé igbá aṣọ sórí, oyún ti hàn gbangba lára rẹ̀. Àwọn èèyàn ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń bú u. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi.

Ó ní, "Sisí, o mọ̀ nípa iyọ̀ yẹn. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún wọn."

Mo tẹ orí ba. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tẹ máṣìnnì. Kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ náà. Kò tilẹ̀ sí òwú lójú rẹ̀. Mo sáà ń tẹ̀ ẹ́ lọ, kí ariwo rẹ̀ lè bo ohùn Ẹbiẹrẹ. Nígbà tí mo gbójú sókè, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìwé náà tà. Wọ́n ra gbogbo rẹ̀, wọ́n tún ní kí n tún un tẹ̀. Láti Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń wá rà á. Ìparí tí mo fi sí i ni pé ìyàwó kékeré náà sá lọ, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó gbà. Lọ́dọọdún ni Ìyá Bánjí ń fi epo ránṣẹ́ sí mi, ó ní èmi ni mo gba àwọn ọmọ òun là. Mo ń gbà á. Mo ń fi sebẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ fi nǹkan kan pamọ́: mo ń jẹ ẹ́.

Fún ọdún púpọ̀ mi ò kọ ìwé mìíràn. Nígbà tí mo tún kọ òmíràn, mo pinnu pé mi ò ní gba owó ẹnikẹ́ni sílẹ̀ mọ́. Ìgbà tí ìwé bá ti wà lọ́wọ́ ẹni ni ẹni á sanwó, ọjọ́ kan náà ni olówó àti tálákà á sì kà á. Mo rò pé tí mo bá ti yí ọ̀nà ìsanwó padà, ọ̀rọ̀ náà á kúrò lọ́rùn mi. Mo sọ fún wòlíì ìjọ wa pé nǹkan kan ń dà mí láàmú. Ó ní kí n gba ààwẹ̀. Mo gbà á. Ebi pa mí, kò sí ohun mìíràn.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ ra ẹja ní ọjà kan létí omi. Mi ò ní dárúkọ ọjà náà. Mo rí Ẹbiẹrẹ. Ó ń yan ẹja, ọmọbìnrin kan sì jókòó tì í. Iwájú orí ọmọ náà, bí ti bàbá Bánjí gẹ́lẹ́. Ẹbiẹrẹ wò mí, ó mọ̀ mí. Kò kí mi, kò bú mi. Ó fa ọmọ náà sẹ́yìn ara rẹ̀. Mo yára kúrò níbẹ̀.

Lóṣù tó kọjá ni Bánjí wá. Ọmọdé ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ó ti lọ sógun, ó ti dé. Bàtà sójà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó yọ ìwé mi jáde lápò.

Ó ní, "Mà, ìwé yìí wà lọ́wọ́ mi títí ogun fi parí. Mo mọ̀ ọ́n sórí. Ó kù síbì kan. Ibi tó sá lọ."

Mo ní, "Bánjí, ìtàn ni mo kọ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi ní ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò gba owó ṣáájú mọ́. Bi ẹnikẹ́ni wò."

"Ẹ gba tèmi." Ó gbé owó lé orí máṣìnnì. "Ẹ kọ apá tó kù, mà. Èmi ni kí n kọ́kọ́ kà á kí ẹnikẹ́ni tó kà á."

Mo bi í pé kí ni ó fẹ́ fi ṣe.

Ó ń wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Mo kàn fẹ́ mọ ibi tó wà ni."

Ó dìde. Ó ní òun mọ̀ pé ìhà omi ni, ó ku ìlú tó jẹ́. Ó ní tí omi bá ti fà, tí ọ̀nà bá ti ṣeé rìn, òun á padà wá.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ òtítọ́ fún Bánjí, mo máa sọ fún un pé ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti jẹ ohun tó pa á. Ìyá Bánjí ti darúgbó. Ṣé kí n lọ bá a nínú ìyẹ̀wù rẹ̀, kí n sọ fún un pé ọbẹ̀ tó fi ìfẹ́ sè ni? Tí mo bá sì dákẹ́, ẹni tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pànìyàn ń bọ̀ lọ́nà. Bí mo bá purọ́, tí mo júwe ìlú mìíràn fún un, obìnrin mìíràn wà ní ìlú náà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ bú mi tán, kí ẹ tó gbà mí nímọ̀ràn.

Ìwọ tí mo pè ní Ẹbiẹrẹ, o mọ ara rẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ka èyí sí ọ létí, má ṣe dúró gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi. Mú ọmọ náà, kí ẹ kúrò ní ọjà yẹn. Omi ti ń fà.