Ọmọ Ayò Kan Tí Mo Yẹ̀ Nípò

Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Dókítà ti ní kí n máa palẹ̀ mọ́, n kò sì fẹ́ kí òtítọ́ bá mi wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìnísà, Jọláyẹmí káfíńtà kì í ṣe òpè nídìí ayò. Èmi Titus Àjíṣafẹ́, tíṣà yín àtijọ́, ni mo sọ ọ́ di òpè.

Lọ́dún 1958, a fẹ́ yan ẹni tí yóò lọ bá àwọn ará Òkukù ta ayò nígbà ọdún Àjíǹde. Àwa kì í fi odidi ayò dán ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, wò. Ìparí ayò là ń tò: ọmọ díẹ̀ lójú ọpọ́n, kí ẹni náà wá bí yóò ṣe jẹ. Èmi ni wọ́n ní kí n tò ó. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo ti kọ́ Oyèwálé àbúrò mi nílé ní bí yóò ṣe ta á. Ìyá wa ti fi í yangàn káàkiri ọjà, kí ni ǹ bá ṣe? Oyèwálé ta á, ó jẹ, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Jọláyẹmí wá jókòó sídìí ọpọ́n tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́. Ó ta ọmọ kan ṣoṣo, kò jẹ nǹkan kan.

"Ebi ò pa á ni?" ẹnìkan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ fara balẹ̀. Mò ń dúró kí Baba Oyèdélé fọwọ́ ara wọn ti ọmọ wá fún mi ni."

Baba Oyèdélé ló jókòó kọjú sí i. Mo wo ọpọ́n. Òótọ́ ló sọ. Ohun tí yóò jẹ yóò ju ti àbúrò mi lọ. Mo yára fọwọ́ bo ọpọ́n: "Ariwo ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ n tún un tò, kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun." Bí mo ti ń tò ó ni mo mú ọmọ kan kúrò nílé kẹta, mo jù ú sí ìkẹrin. Ọwọ́ tí mo fi ń kọ́ yín ní Bíbélì!

Jọláyẹmí ta á bíi ti àkọ́kọ́. Baba Oyèdélé jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Tíṣà, ibí kọ́ ni ọmọ yìí wà," Jọláyẹmí ní.

"Òpè ń wá àwáwí! Káfíńtà, lọ kan àga rẹ!" àwọn èrò pariwo.

Jọláyẹmí kò wo ojú mi, ọwọ́ mi ló ń wò. "Ẹ̀yin náà mọ̀, sà."

Mo ní, "Ibi tó wà látàárọ̀ nìyẹn."

Oyèwálé ni wọ́n yàn, Òkukù sì nà án bí ẹni ń na ọmọdé. Síbẹ̀, Jọláyẹmí ni orúkọ òpè mọ́ lára. Ó kó lọ sí Ìkìrun, kò sì fọwọ́ kan ọmọ ayò mọ́ títí ó fi kú.

Èmi wá sókè òkun. Iṣẹ́ tí mo rí níbí ni kí n máa dán kọ̀ǹpútà wò lórí ṣẹ́ẹ̀sì, ayò àwọn Òyìnbó: ọba méjì àti ìwọ̀nba ọmọ ogun tó kù lórí pátákó, kí ẹ̀rọ wá ọ̀nà tí yóò fi borí. Bó bá ti kùnà, lọ́pọ̀ ìgbà, dídúró ni kò mọ̀: kó rọra rin ìrìn kan, kó jẹ́ kí ẹnì kejì fọwọ́ ara rẹ̀ ba tirẹ̀ jẹ́. Ohun tí Jọláyẹmí mọ̀ nìyẹn lábẹ́ igi odán tí a ti ń tayò. N kò sì yẹ ọmọ ogun kankan nípò fún ẹ̀rọ yẹn rí.

Àtọ́kẹ́, ọmọ Jọláyẹmí, mo ya ojú ọpọ́n náà sísàlẹ̀ ìwé yìí, bó ṣe wà kí n tó fọwọ́ kàn án. Dárí jì mí. Gbé ọpọ́n lọ sí Ìnísà, pe gbogbo wọn jọ, kí o tò ó síwájú wọn. Ta ọmọ kan ṣoṣo, kí o sì dúró, bí bàbá rẹ ti dúró. Jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí bàbá rẹ ìbá jẹ.